Ẹni Tó Gbọ́ Tí Kò Sọ: Agbábọ́ọ̀lù àti Stasi ní Ìlà-Oòrùn Jámánì

Ẹ kú ìjókòó o. Pápákọ̀ òfurufú ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Oṣù Kìíní ọdún 1981 ni. Ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Ìlà-Oòrùn Jámánì ti di ẹrù, Argentina ni wọ́n ń lọ. Ní pápákọ̀ òfurufú Schönefeld, àwọn Stasi, ìyẹn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Ìlà-Oòrùn, fa mẹ́ta yọ nínú wọn: Gerd Weber, Peter Kotte àti Matthias Müller, ọmọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Dynamo Dresden ni gbogbo wọn.

Kí ni wọ́n ṣe? Méjì ni Jámánì pín sí nígbà yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni kí ará Ìlà-Oòrùn sá lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Köln ní Ìwọ̀-Oòrùn ló ń tan Weber pé kó sá wá sọ́dọ̀ àwọn. Weber tú ọ̀rọ̀ náà sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì létí. Kotte àti Müller ní àwọn ò lọ ní tàwọn. Àmọ́ wọn ò lọ fẹjọ́ sùn. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fòfin dè wọ́n títí ayé pé wọn ò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele kìíní àti ìkejì mọ́. Kotte tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ wá di ẹni tó ń sáré kiri pápá ìlú kékeré kan, Neustadt.

Ibi tó ta kókó sí ni pé Weber fúnra rẹ̀, amí Stasi ni. Ó ń ṣọ́ ẹlẹgbẹ́, wọ́n ń ṣọ́ òun náà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fa èèyàn wọlé? Ọ̀gá Stasi á kọ́kọ́ wádìí ẹ dáadáa: ta ni ìbátan rẹ ní òkè ọ̀hún, kí lo fẹ́, kí lò ń bẹ̀rù. Ẹni tó bá gbà wọ́n gbọ́ á dára pọ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Wọ́n á fi àǹfààní fa ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ní àṣírí tó ń bò, wọ́n á fi àṣírí náà dè é mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà lo máa fọwọ́ ara rẹ kọ̀wé ìlérí, wàá sì gba orúkọ bòńkẹ́lẹ́. Ilé onílé lẹ ó ti máa pàdé.

Kí ni agbábọ́ọ̀lù máa fi kọ̀? Ìrìn àjò sí òkè òkun, ọwọ́ wọn ló wà. Ọkọ̀ tí aráàlú ń dúró dè fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá, ọ̀dọ̀ wọn ló ti lè tètè yọ. Ẹni tó bá tún wọ aṣọ Dynamo, ẹgbẹ́ ọlọ́pàá àti Stasi ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Erich Mielke tó jẹ́ olórí Stasi láti 1957 títí di 1989, òun náà ni alága Dynamo. (BFC Dynamo tó fẹ́ràn jù ní Berlin gba líìgì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léraléra, 1979 sí 1988.)

Inú BFC Dynamo yìí gan-an ni agbábọ́ọ̀lù Lutz Eigendorf ti sá lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn ní 1979. Ó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀. Stasi rán ọkùnrin kan lọ dẹnu kọ ìyàwó náà, ọkùnrin ọ̀hún sì gbé e níyàwó. Ní 1983, ọkọ̀ Eigendorf forí sọ igi ní Braunschweig, ó kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé wọ́n pa á ni. Ilé ẹjọ́ ò rí ẹnikẹ́ni dá lẹ́bi.

Nígbà tí wọ́n ṣí fáìlì Stasi sílẹ̀ ní 1992, ó hàn pé Torsten Gütschow ti Dresden, tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù ní líìgì lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra, òun ni amí tí orúkọ bòńkẹ́lẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ «Schröter». Akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, Eduard Geyer, náà wà nínú ìwé pé amí ni. Ẹ fojú inú wò ó: yàrá ìmúra kan náà, ọ̀gá ń kọ̀wé, ọmọ ń kọ̀wé.

Ẹnìkan bi mí bóyá iṣẹ́ amí gba Weber là. Rárá. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta ni wọ́n dá fún un, ó lo oṣù mọ́kànlá. Kò tún gbá bọ́ọ̀lù ní Ìlà-Oòrùn mọ́. Ní 1989, nígbà tí ẹnubodè Hungary ń là, ó kó ìdílé rẹ̀, ó gba ibẹ̀ sá lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn.