Ẹ Jẹ́ Kí Àlejò Sùn Mọ́jú Ní Àgbádárìgì

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn onílé àlejò, àwọn ọlọ́kọ̀ omi àtàwọn ọ̀dọ́ tó ń mú àlejò kiri ìlú sọ nìyí o, mo kàn tún un tẹ̀ síbí torí àwọn tí ò ráyè wá, mo sì fi díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ẹ lọ dúró sí Màrínà wa níbí lásìkò yẹn, ẹ máa rí bí bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń tò, dẹ́rẹ́bà ti ń fọn fèrè, tíṣà ń ka orí ọmọ, gbogbo wọn ń sáré kí ilẹ̀ má ṣú bá wọn lójú ọ̀nà. Aago mọ́kànlá ni wọ́n dé. Wọ́n wo ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́n gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n sọdá omi, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n padà. Wọ́n á délé wọ́n á ní àwọn ti mọ Àgbádárìgì. Irọ́ ni o jàre. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n mọ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo wá sọ, gbogbo ìyókù àlàyé ni. Ẹ jẹ́ kí àlejò sùn mọ́jú.

Èmi náà ò gbọ́n bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún kan, mo lọ pàdé obìnrin kan tó wá láti Bahia ní Brazil, pé kí n mú un yí ìlú ká kí n sì dá a padà sí Èkó lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà wa, ọ̀nà bọ́dà ni, àwọn tó ń dá mọ́tò dúró níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń ta àgbọn lọ. Mo gbàgbé, mi ò sọ fún obìnrin yìí pé kó mú páspọ́ọ̀tù ẹ̀ dání, ó ti fi í sí òtẹ́ẹ̀lì ní Èkó. Wákàtí kan àbọ̀ la fi jókòó sábẹ́ igi kan lójú títì, àlàyé lórí àlàyé, kí wọ́n tó ní ká máa lọ. Oòrùn ti wọ̀ ká tó débí, gbogbo ibi tá a fẹ́ wọ̀ ti tì, ojú tì mí gan-an. Ó di dandan kó sùn. Mo ń bọ̀ wá parí ìtàn obìnrin yẹn, ẹ ní sùúrù.

Torí náà, ẹni bá ti òkè òkun wá, kó mú páspọ́ọ̀tù dání, ẹ máa sọ fún wọn látorí fóònù kí wọ́n tó kúrò nílé. Ẹni tó bá sì wà ní Erékùṣù Èkó ò ní láti jókòó sínú gósílóò látìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èèyàn láti Màrínà Èkó dé Mile 2 látoṣù kẹsàn-án 2023, tó bá sọ̀ ní Mile 2 kó wá wọ bọ́ọ̀sì Àgbádárìgì.

Tó bá dé, ẹ má gbé e lọ sídìí ẹrú lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wẹ̀, kó jẹun, kó jáde létí ọ̀sà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́, tí àwọn apẹja ń fa àwọ̀n, kó rí akàn tó ń rìn nínú agbọ̀n, kó ra gúrúdì, kó mu omi àgbọn. Ẹ kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń kíni lédè Ègùn, kó lè mọ̀ pé Yorùbá nìkan kọ́ ló nílùú yìí. Tó bá gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, kó má yà á lẹ́nu, abúlé tí wọ́n ti ń kọ́ Faransé ti wà ní Ajárá láti 1991, àwọn ọmọ yunifásítì káàkiri orílẹ̀-èdè ló ń wá síbẹ̀.

Tó bá wá bọ́ sí àsìkò tí Zangbeto, eégún àwọn Ègùn, ń jáde, ẹ ti rí nǹkan fi hàn án nìyẹn. Ó ń ṣe mí ní kàyéfì pé àwa tá a bí síbẹ̀ la máa ń fojú kékeré wò ó. Koríko gbígbẹ ni látòkè délẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ láró oríṣiríṣi, ó rí bí òrùlé ilé tó ń rìn fúnra ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, eruku sọ, ó ń yí síi, lẹ́ẹ̀kan náà ó dúró gbọnin. Wọ́n á gbé e ṣubú, wọ́n á yí inú ẹ̀ síta kí gbogbo ayé rí i pé kò séèyàn níbẹ̀, ìjàpá lè jókòó síbẹ̀ tàbí ère kékeré kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bi yín pé báwo ni wọ́n ṣe ṣe é, ẹ ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀. Ohun tí ẹ lè sọ ni pé ọlọ́dẹ òru ni, òun ló ń ṣọ́ ìlú Ègùn kí ọlọ́pàá tó dáyé. Àlejò ò sì gbọ́dọ̀ dá jáde lóru láìbéèrè lọ́wọ́ onílé, ìyẹn ò nílò àlàyé.

Ó wá kan òwúrọ̀. Ibí ni èmi àtàwọn gáìdì kan ti máa ń jà. Wọ́n ní ètò tó dáa ni kéèyàn bẹ̀rẹ̀ ní ọjà ẹrú Vlekete, tí wọ́n ní wọ́n dá sílẹ̀ ní 1502, kó wá kọjá sí bárákúùnù, ilé tí wọ́n ń ti ẹrú mọ́, kó tó wá sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu níbi tí ìrìn àwọn ẹrú ti parí, torí bí àwọn ẹrú gan-an ṣe rìn ín nìyẹn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, tẹ́ ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ọ̀sán gangan ni àlejò máa dé orí yanrìn Gberefu, yanrìn á máa jó o lẹ́sẹ̀, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, tó bá dé etí òkun ibòji ló máa wá, kò ní ráyè ronú kankan. Lẹ́yìn náà ẹ kó o sínú mọ́tò pẹ̀lú gbogbo ìbànújẹ́ yẹn, ó dàárọ̀. Èmi máa ń mú wọn sọdá láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ìrì tó gbẹ. Ẹ dé ìdí kànga yẹn, tí wọ́n ní wọ́n ti ń fún ẹrú lómi mu kó lè gbàgbé ilé, ẹ sọ ìtàn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó ṣe ṣókí. Tẹ́ ẹ bá wá dé etí òkun, ẹ panu mọ́. Àwa gáìdì fẹ́ràn ariwo jù.

Ẹ padà wá sílé Seriki Abass, bárákúùnù tí mo ń wí nìyẹn. Yàrá 40 ni wọ́n ní ó wà níbẹ̀, ẹrú 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kàn máa ka iye yẹn bí ẹni ń ka oríkì. Ẹ ní kí àlejò márùn-ún wọ yàrá kan, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú méjì, àwọn fúnra wọn á parí ìṣirò náà. Kí wọ́n sì mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú ní Joga-Orile ni Seriki fúnra ẹ̀, wọ́n gbé e dé Brazil, ó gbọ́ èdè Àgùdà, ó padà wálé ó tún wá di oníṣòwò ẹrú. 1919 ló kú. Ọ̀rọ̀ yẹn ò rọrùn láti gbé mì, ẹ má gbìyànjú láti mú un rọrùn. Àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ ṣì ń gbé inú ọgbà yẹn, wọ́n ń sá aṣọ, wọ́n ń gúnyán, ẹ má máa bú bàbá wọn létí wọn.

Ìtàn kan wà tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún àlejò, ó sì ń dùn mí. Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò yẹn, Àgbádárìgì ló sọ̀ sí ní 1825. Ó kú sí Sókótó ní 1827, ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀ Richard Lander ló rìn padà débí. Àwọn Pọtogí tó ń ra ẹrú níbí ní amí ni, wọ́n mú un lọ síwájú àwọn àgbà, wọ́n fún un ní omi èèpo igi olóró mu, pé tó bá kú, ó jẹ̀bi. Ó mu ún tán níṣojú wọn. Ó rọra rìn délé, ó lo egbòogi èébì, ó bì í síta, kò kú. Ní 1830 ó tún padà wá síbí kan náà, òun àti àbúrò ẹ̀, látibẹ̀ ni wọ́n ti gbéra lọ wá ibi tí odò Ọya ti já sínú òkun. Irú ìtàn yìí wà nílẹ̀ ẹ wá ń sọ fún àlejò pé òtẹ́ẹ̀lì yín ní jẹnẹrétọ̀!

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ò gba àkókò: wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, wọ́n parí ẹ̀ ní 1845, Àjàyí Crowther gbé ibẹ̀. Igi Àgíyà, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere, ti wó ní 1959, òkúta ìrántí ló kù. Àmọ́ ẹ sọ ti Kérésì ibẹ̀ dáadáa. Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, ti dé láti oṣù kẹsàn-án 1842, ó lọ sí Abẹ́òkúta, ìgbà tó padà dé lọ́jọ́ tí Kérésì ku ọ̀la ló bá Townsend, míṣọ́nnárì Áńgílíkà, nílẹ̀. Mẹ́tọ́díìsì àti Áńgílíkà jọ ṣọdún o, lónìí ṣọ́ọ̀ṣì méjì ládùúgbò kan ò lè jọ lo jẹnẹrétọ̀ kan. Ẹ má bínú.

Obìnrin Bahia yẹn ńkọ́? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ká tó lọ wọ ọkọ̀ omi, ebi ń pa wá, a yà lọ́dọ̀ ìyá alákàrà kan létí títì. Epo pupa ló fi ń dín in, òórùn ẹ̀ ti gba gbogbo ibẹ̀. Obìnrin náà dúró, ó na ìka sínú agbada, ó ní, "Acarajé!" Ìyá ò gbọ́ èdè kankan ju Ègùn àti Yorùbá lọ, ó dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, àkàrà ni, jẹ ẹ́." Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ohun kan náà làwọn méjèèjì sọ. Ní Bahia, àwọn obìnrin aláṣọ funfun ló ń dín in tà lójú títì, nínú epo pupa bẹ́ẹ̀. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó jẹ mẹ́fà, ìyá fi méjì ṣe èènì. Nígbà tó yá tá a dé ilé ìdílé Mobee, níbi tí wọ́n kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí, tí obìnrin náà di ti ọmọdé mú lọ́wọ́, epo ṣì wà lára ìka ẹ̀. Ká ní a tètè dé lánàá ni, kò ní sí àkàrà.

Ẹnì kan bi mí nípa ọdún àti ayẹyẹ. August 23 ni UNESCO yà sọ́tọ̀ fún ìrántí òwò ẹrú, ó dáa kí àlejò wà nítòsí nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kó pè yín kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́ ọjọ́ fún un.

Ọmọkùnrin kan ní, tí àlejò bá ní kóun fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí òun lọ́rùn kóun ya fọ́tò ńkọ́? Mo ní kó jẹ́ kó gbé e dání, kó mọ bó ṣe wúwo. Tọrùn, rárá. Ó ní wọ́n á bínú, wọn ò ní fún òun lówó ọtí. Mo ní kí wọ́n bínú.

Bàbá ọlọ́kọ̀ omi kan ló béèrè ìkẹyìn, pé kí ló dé tí àlejò ò kì í fẹ́ padà wá. Mo ní, bàbá, ẹ foríjì mí, ẹ fún wọn ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí bọ́tìnnì ẹ̀ pé, kẹ́ ẹ sì sọ iye tí wọ́n máa san ní èbúté, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá dé àárín omi. Àwọn ọlọ́kọ̀ kùn díẹ̀. Kò sẹ́ni tó jiyàn.