Ẹni Kẹta Tí Wọn Ò Pè sí Ìjókòó

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ àti oníṣòwò sọ, lórí bí ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ńlá ṣe ń ṣe ara wọn lóore, ní gbọ̀ngàn kan nítòsí Tákíé, ní Ogbómọ̀ṣọ́, ni mo tún kọ síbí fún àwọn tí kò ráyè wá. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì fi ìbéèrè bàbá kan sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí òun ló là mí lóye ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ Ajílété, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ti ìsọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ọjà yín kò ní kùtà.

Ẹ jẹ́ kí n ti ilé bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìtàn Ogunlọlá. Àwọn àgbà sọ fún wa pé ó pa èèyàn nínú ìjà, wọ́n sì mú un lọ sí Ọ̀yọ́ kí Aláàfin dá ẹjọ́ rẹ̀. Lásìkò náà, Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń fi ogun yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu. Ogunlọlá ní kí wọ́n tú òun sílẹ̀, òun á lọ kò ó lójú. Ó lọ, ó gé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ó gbé e wá síwájú ọba. Aláàfin dárí jì í, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó máa ṣe ọ̀hún. Ibẹ̀ ni oyè Ṣọ̀ún ti wá. Ibẹ̀ náà ni orúkọ ìlú wa ti wá, Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́.

Mo ń fi ìtàn yìí yangàn bíi ti gbogbo yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń múra ọ̀rọ̀ òní, ohun kan kò kúrò lọ́kàn mi: ẹni tí Ogunlọlá pa nínú ìjà yẹn ńkọ́? Ìyá ló bí i. Ọba rí ẹni bá a ṣẹ́gun, Ogunlọlá rí òmìnira gbà, ìlú sì yọ̀. Ìyá ẹni tó kú, ta ló ránṣẹ́ pè é? Mi ò bá àwọn baba wa wí. Ogun wà nílẹ̀, gbangba sì ni wọ́n ti ṣe ohun tí wọ́n ṣe, gbogbo Ọ̀yọ́ ló rí orí tí wọ́n gbé wọ̀lú. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, níbikíbi tí mo bá ti gbọ́ pé aláṣẹ àti alágbára ṣe ara wọn lóore, ẹni kẹta ni mo kọ́kọ́ máa ń wá.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n búra fún Donald Trump ní Washington. Òtútù mú débi pé inú ilé ni wọ́n ti ṣe é, àyè kò sì gba èèyàn púpọ̀. Síbẹ̀, Mark Zuckerberg tó ni Facebook àti WhatsApp, Jeff Bezos tó dá Amazon sílẹ̀, Sundar Pichai ọ̀gá Google, àti Elon Musk tó ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú SpaceX, iwájú ni wọ́n jókòó sí. Àwọn tí ààrẹ fẹ́ fi ṣe mínísítà wà lẹ́yìn wọn. Ẹni tó bá ti lọ síbi ìwúyè rí nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìjókòó kì í ṣe ọ̀rọ̀ àga. Ibi tí wọ́n bá fi ọ́ sí, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń kà á pé báyìí lo ṣe jẹ́ sí onílé.

Kí ọjọ́ náà tó pé, Meta tó ni Facebook dá mílíọ̀nù kan dọ́là sí owó ayẹyẹ náà. Amazon dá mílíọ̀nù kan, Google dá mílíọ̀nù kan, Tim Cook tó jẹ́ ọ̀gá Apple fi mílíọ̀nù kan sílẹ̀ látinú àpò ara rẹ̀. Musk ní tirẹ̀ ti ná ju mílíọ̀nù 250 dọ́là lọ kí Trump lè wọlé. Òfin ilẹ̀ wọn gbà wọ́n láyè, kò sẹ́ni tó jalè.

Facebook yìí kan náà ló lé Trump kúrò lórí ìkànnì rẹ̀ lọ́dún 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjọ́ 6 oṣù kìíní, nígbà tí àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ya wọ ilé aṣòfin. Trump pè wọ́n lẹ́jọ́. Oṣù tí wọ́n búra fún un lẹ́ẹ̀kejì gan-an ni Meta gbà láti san mílíọ̀nù 25 dọ́là kí ọ̀rọ̀ náà lè tán nílẹ̀, mílíọ̀nù 22 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ilé ìkàwé tí wọ́n fẹ́ kọ́ lórúkọ ààrẹ.

Oṣù kẹjọ ọdún náà ni mo rí èyí tí mi ò lè gbàgbé. Tim Cook wọ ọ́fíìsì ààrẹ, ó gbé àpótí funfun kan dání. Ó ṣí i, ó mú ìdí kan tí wọ́n fi góòlù ṣe jáde, ó gbé e sórí tábìlì, ó wá mú gíláàsì róbótó kan, ó rọra tò ó lé e lórí. Kámẹ́rà ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ọwọ́ ẹni tó ń gbé ẹyin. Ọjọ́ yẹn ni Apple fi bílíọ̀nù 100 dọ́là kún owó tó ṣèlérí láti ná ní Amẹ́ríkà, tó fi di bílíọ̀nù 600. Ọjọ́ yẹn náà ni ààrẹ kéde pé òun máa bu owó ibodè lé chip, ègé kékeré tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó bá ń wọ̀lú, tí owó náà á tó iye ọjà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó bá ń kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Amẹ́ríkà bíi ti Apple kò ní san án.

Ẹ wá bá mi wá ẹni kẹta níbẹ̀. Òun ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé ogún, tó ń ra chip láti òkè òkun kó tó lè ṣe ẹ̀rọ tó ń tà. Kò ní góòlù, kò ní bílíọ̀nù kankan tó lè ṣèlérí, kò sì sí ẹni tó máa mú un wọ ọ́fíìsì yẹn láé.

Nígbà tí mo dé ibí yìí ni bàbá kan nawọ́ ní ìlà kejì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀bùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Àwọn baba wa ń ru koríko bèrè lọ fún Aláàfin. Ta ló ń lọ kí ọba lọ́wọ́ òfo?"

Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, torí ìbéèrè gidi ni. Mo ní, "Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ru bèrè, ìlú lódindi ló ń gé e, òrùlé ààfin ni wọ́n sì ń fi bò. Ẹni tí mo ń sọ ni ẹni tó ní ẹjọ́ lọ́dọ̀ ọba, tó wá gbé góòlù dání."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn jókòó síwájú, ìjọba Amẹ́ríkà ní ẹjọ́ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ wọn. Ó ti pe Google àti Facebook lẹ́jọ́ láti ọdún 2020, ó pe Amazon ní 2023, ó pe Apple ní 2024, ẹ̀sùn náà sì ni pé wọ́n ń fọwọ́ ọlá ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jáde lọ́jà. Mo gbọ́dọ̀ sọ tibi-tire: wọn ò fagi lé àwọn ẹjọ́ yìí. Ti Meta dé kóòtù ní oṣù kẹrin 2025, Meta sì jàre ní oṣù kọkànlá. Mi ò ní ẹ̀rí pé ojúrere kankan dé ọ̀dọ̀ adájọ́, mi ò sì ní purọ́ mọ́ ọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé olùpẹ̀jọ́ àti ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ń jẹun nínú àwo kan náà, ẹnikẹ́ni kò sì lè mọ̀ mọ́ bóyá tọkàntọkàn ni olùpẹ̀jọ́ ń rojọ́. Bàbá yẹn fúnra wọn ló parí rẹ̀ fún mi. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo."

Ti Nvidia àti AMD, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe chip, kò gba àkókò púpọ̀. Ìjọba dí wọn lọ́wọ́ ní oṣù kẹrin 2025 pé kí wọ́n má ta àwọn chip kan fún Ṣáínà, nítorí ààbò ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n fàdéhùn sí i pé wọ́n lè tà á bí wọ́n bá ń fún ìjọba ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá pa níbẹ̀. Bí nǹkan bá léwu fún ìlú, ṣé owó ló ń mú ewu rẹ̀ kúrò?

Ojúrere sì lè di ìjà lọ́jọ́ kan. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Trump àti Musk kọjú ìjà síra wọn ní gbangba. Ààrẹ ní òun lè já kọntíráàtì tí ìjọba gbé fún un gbà. Musk fèsì pé òun á dá ọkọ̀ Dragon dúró, ọkọ̀ tó ń gbé àwọn èèyàn lọ sí ibùdó òfurufú, kó tó di pé ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ ro ti àwọn tó wà lókè lọ́hùn-ún nígbà yẹn, tí ọ̀nà ilé wọn wà lẹ́nu ọkùnrin méjì tó ń bínú.

Ẹ má sọ pé Amẹ́ríkà jìnnà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 2025 ni wọ́n kéde owó ibodè ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà Lesotho, ìlú kékeré tó wà láàárín South Africa. Kí oṣù náà tó parí, Lesotho ti fún Starlink, ilé-iṣẹ́ Musk tó ń fún èèyàn ní íńtánẹ́ẹ̀tì láti ojú òfurufú, ní ìwé àṣẹ. Ìwé ìròyìn Washington Post sì gbé e jáde ní oṣù karùn-ún pé àwọn aṣojú Amẹ́ríkà ń rọ àwọn orílẹ̀-èdè kan láti ṣílẹ̀kùn fún Starlink lásìkò tí ọ̀rọ̀ owó ibodè wà nílẹ̀. Starlink wúlò o. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ní Under G ló ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúnàádúrà pẹ̀lú igi lọ́rùn kì í dúnàádúrà.

Nílé wa ńkọ́? Ní oṣù kẹfà 2021, Twitter pa ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ Buhari kọ rẹ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ìjọba kéde pé òun ti dá Twitter dúró ní Nàìjíríà. Ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Oṣù méje! Ilé-ẹjọ́ ECOWAS dá a lẹ́yìn náà pé kò bófin mu. Àwọn tó ń ti ibẹ̀ tajà kò bá ẹnikẹ́ni jà, wọn ò sì sí níbi tí wọ́n ti parí ìjà. Ìfẹ́ wọn, orí wa ni. Ìjà wọn náà, orí wa ni.

Ní 2015, wọ́n bu ìtanràn tírílíọ̀nù 1.04 náírà lé MTN nítorí síìmù mílíọ̀nù 5.2 tí wọn kò forúkọ wọn sílẹ̀ bó ṣe yẹ, 200,000 náírà lórí síìmù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dúnàádúrà títí ó fi di bílíọ̀nù 330 ní 2016. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni gba rìbá. Mo kàn ń bi ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún pé ìgbà wo ni wọ́n gé ìtanràn tirẹ̀ sí ìdá mẹ́ta.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n yin ohun tó yẹ ní yínyìn. Ní oṣù keje 2024, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà, bu mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta nítorí bó ṣe ń lo ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà. Meta kò gbà, ó gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́. Ìgbìmọ̀ náà kò mì, ó fọwọ́ sí ìtanràn náà ní oṣù kẹrin 2025, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Meta halẹ̀ pé òun lè kó Facebook àti Instagram kúrò nílẹ̀ wa. Orí mi wú lọ́jọ́ yẹn, torí mo rí i pé a lè ṣe é.

Mo ní ìdí tí mi ò fi lè sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni ń ka ìwé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń yan kajú, ó ń dì í sínú ìgò, ó ń tà á lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Epo kajú ti jẹ ìka rẹ̀ dúdú. Lọ́jọ́ kan, láàárín ìgbà kajú, wọ́n ti ojú-ewé rẹ̀ pa. Kò sọ ọ̀rọ̀ àìdáa kankan. Ó wá bá mi pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀." A jókòó sórí ẹní, a kọ̀wé sí wọn, èsì kan náà ni ẹ̀rọ ń dá padà, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án. Ìgò kajú wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ títí òjò fi dé. Bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà bá fẹ́ rí ààrẹ ilẹ̀ kan lọ́la, wọ́n á gbé àga fún un. Ọmọ yìí kò rí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó lè pè.

Kí la lè ṣe láti Ogbómọ̀ṣọ́? Ohun tí ojú bá rí nìkan lèèyàn lè bèèrè. Òfin Òmìnira Ìròyìn wà láti 2011. Ó fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba láì sọ ìdí, ọjọ́ méje sì ni wọ́n ní láti fèsì. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ ọ́ ní 2025 pé òfin náà de ìpínlẹ̀ gbogbo, Ọ̀yọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè àdéhùn tí ìjọba bá ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe. Ẹ béèrè ẹni tí ìsọfúnni ọmọ yín tó wà níléèwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti owó-orí tí wọ́n dárí rẹ̀ ji ẹnikẹ́ni.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. A kò tíì túká. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, a kọ ọ́ sójú pátákó pa pọ̀, ìlà mẹ́fà péré. Bàbá ìlà kejì ní kí wọ́n kọ orúkọ tàwọn ṣáájú, torí àwọn kò ní ìsọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè tì pa. Àwọn mọ́kàndínlógún ló fọwọ́ sí i lẹ́yìn wọn. Ọjọ́ Ajé ni ọmọbìnrin náà gbé e lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó mú bọ̀, a sì ń ka ọjọ́.