500 pọ́n-ùn láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ olórí ìjọba

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ ní Peckham, ní London, nípa àwọn aláwàdà tó ń díje nínú ìdìbò nìyí. Mo tún un tò díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò yọ ibi tí mo ti pẹ́ jù, mi ò sì yọ ibi tí wọ́n ti mú mi.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ sì kú òtútù. Alága ní ogójì ìṣẹ́jú péré ni mo ní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Gbogbo yín lẹ ti rí àwòrán yẹn. Oṣù kẹfà, ọdún 2017, ní Maidenhead, ilẹ̀ ti ṣú tipẹ́. Theresa May, olórí ìjọba Bírítéènì nígbà náà, dúró lórí pèpéle, ojú rẹ̀ le koko, ó ń dúró kí wọ́n ka èsì ìbò. Ẹnìkan dúró nítòsí rẹ̀ tó wọ dúdú látòkè délẹ̀, tó sì da garawa dúdú borí. Lord Buckethead ni orúkọ tó wà nínú ìwé ìbò. Ìbò 249 ló ní. Ẹlòmíràn wọ aṣọ Elmo, ọmọláńgidi pupa tí àwọn ọmọ yín ń wò nínú tẹlifíṣàn. Òun ní 3. Ó jọ pé àwọn ará ilé rẹ̀ gan-an ò dìbò fún un.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò kì í ṣe garawa. Ta ló gbà á láyè láti gun pèpéle yẹn? Òfin ni. Kí ènìyàn mẹ́wàá tó lè dìbò ní ẹkùn yẹn fọwọ́ sí ìwé rẹ, kí o fi 500 pọ́n-ùn sílẹ̀, ó parí. Akéde ìbò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ bó ṣe pe ti olórí ìjọba, ohùn kan náà ni yóò sì fi pè é. Bí o kò bá ní ìbò 5 nínú 100, ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé owó rẹ. Láti 1918 ni owó yìí ti wà, 150 pọ́n-ùn ni nígbà náà. Ní 1985 wọ́n gbé e dé 500, kí aláwàdà má baà rí i san. Aláwàdà san án.

Ẹni tó san án jù ni David Sutch, olórin rọ́ọ̀kì tó ń pe ara rẹ̀ ní Screaming Lord Sutch. Kò joyè kankan o. Ní 1963, John Profumo, mínísítà ogun, parọ́ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nítorí ọ̀rọ̀ obìnrin, ó sì fipò sílẹ̀. Sutch, ọmọ ọdún 22, lọ díje fún ìjókòó tó fi sílẹ̀ nílé aṣòfin, ní Stratford-on-Avon, lórúkọ ẹgbẹ́ tó pè ní ti àwọn ọ̀dọ́. Ó ní kí ọmọ ọdún 18 máa dìbò. Ọdún 21 ni òfin wí nígbà náà. Wọ́n rín in, ìbò rẹ̀ ò ju igba àti díẹ̀ lọ. Ní 1969, òfin di ọdún 18. Mi ò sọ pé òun ló mú un ṣẹ. Mo kàn ní kẹ́ ẹ ka ọdún tó wà láàárín wọn.

Ẹ tún gbọ́ ti Bootle, torí òun ni mo fẹ́ràn jù. Ọdún 1990, ìdìbò àfirọ́pò. David Owen, tó ti ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè rí, ló ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní SDP. Sutch ní ìbò 418. Olùdíje SDP ní 155. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Owen ti ẹgbẹ́ náà pa. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe Labour, kì í ṣe Conservative ló ṣe é. Olórin tó dé fìlà gogoro ló gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, ayé sì rí i pé SDP ò tẹ̀wọ̀n.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jókòó níwájú yìí, mi ò ní wo ibi tó wà, kọ̀wé pé àwọn wọ̀nyí ń fi ìdìbò ṣẹ̀sín. Ó gbàgbé ilé. Ẹ̀fẹ̀ ń kọrin lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, ó ń bú olówó, ó ń bú olóyè. Àárọ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọba kì í pọ̀kọrin. Ìgbà wo la wá gbàgbé? Ìgbà tí a fi owó sí ẹnu ọ̀nà. Ní 2022, 100 mílíọ̀nù náírà ni fọ́ọ̀mù ààrẹ nínú ẹgbẹ́ APC, 40 mílíọ̀nù ni ti PDP. Òfin Nàìjíríà ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni díje láìsí ẹgbẹ́. Ta ni yóò fi 100 mílíọ̀nù ṣe àwàdà? Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ má sọ ọ́, wọ́n ń gba ohùn wa sílẹ̀.

Ọmọ tiwa náà wà níbẹ̀. Niko Omilana, tí àwọn ọmọ yín mọ̀ lórí YouTube. Ẹ tún orúkọ yẹn pè dáadáa: omi ló la ọ̀nà. Ní 2021 ó díje fún olórí ìlú London, 10,000 pọ́n-ùn ni owó ibẹ̀. Ó ní ìbò tó lé ní 49,000, ó ṣe ipò karùn-ún nínú ogún, owó sì wọlé ìjọba. Ní 2024 ó lọ kojú Rishi Sunak, olórí ìjọba nígbà náà, ní ẹkùn tirẹ̀. Àwọn mìíràn ti lọ yí orúkọ tiwọn padà sí tirẹ̀, Niko Omilana sì wà nínú ìwé ìbò ẹkùn mọ́kànlá. Ẹkùn Sunak yẹn kan náà ni Count Binface wà, ẹni tó wà nínú garawa ní Maidenhead, tó ti yí orúkọ padà torí ẹni tó ni Buckethead kò gbà fún un mọ́. Ẹ ò rí i? Wọ́n ń ja ìjà oyè lórí garawa.

Ibẹ̀ ni mo wà tí màmá kan fi nawọ́ lẹ́yìn. Alága ní kí wọ́n dúró. Wọn ò dúró.

"Olùkọ́, ẹ ṣeun. Látàárọ̀ lẹ ti ń sọ owó, owó. Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní São Paulo. Ẹ sọ ti Tiririca fún wa."

Mo mọ̀ pé wọ́n ti mú mi. Tiririca, aláwàdà inú sákọ́ọ̀sì, díje sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Brazil ní 2010. Ó ní, "Kí ni aṣòfin ń ṣe? Èmi náà ò mọ̀. Ẹ dìbò fún mi, màá wá sọ fún yín." Ó ní kò lè burú ju báyìí lọ. Ìbò rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí aṣòfin tó ní tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn. Ilé ẹjọ́ tún dán an wò bóyá ó mọ̀wé kà.

"Èyí tó kù ńkọ́?" ni màmá wí.

Èyí tó kù nìyí. Níbí, ìbò tí o bá fún garawa, ọ̀dọ̀ garawa ló dúró sí. Ní Brazil nígbà náà, wọ́n kọ́kọ́ ń kó ìbò gbogbo olùdíje ẹgbẹ́ àti ti ẹgbẹ́ tó bá wọn ṣe pọ̀ jọ, wọ́n sì ń fi pín ìjókòó. Ìbò Tiririca kún ju ohun tí òun nìkan nílò lọ, ó sì gbé àwọn mìíràn wọlé, àwọn olóṣèlú gidi tí ìbò tiwọn ò tó. Ẹni tó ní òun ń fi wọ́n ṣẹ̀sín ló ń rù wọ́n wọlé. Òun alára, ní 2017, ó dìde nínú ilé, ó ní ojú ń ti òun, òun ò ní díje mọ́. Ní 2018, ó díje.

Nítorí náà, màmá, ẹ ti ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́. Owó tí mo ń pariwo kò tó. Bí wọ́n ṣe ń ka ìbò, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù. Mo ti múra ti Poland, 1991, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ bíà ti gba ìjókòó 16. Mo ti múra ti Jón Gnarr, aláwàdà tó di olórí ìlú Reykjavík, ní Iceland, ní 2010, àti ti Coluche, aláwàdà tó jáwọ́ nínú ìdíje ààrẹ Faransé ní 1981. Alága ti gbé aago sókè. Ẹ lọ kà nípa wọn.

Ọmọkùnrin kan ṣì béèrè bóyá àwa tó di ìwé ìrìnnà Nàìjíríà mú lè díje níbí. Ọmọ Commonwealth tó bá ní ìyọ̀ǹda láti máa gbébí títí láé, tó ti pé ọdún 18, lè díje. Ó béèrè bóyá mo lè fọwọ́ sí ìwé òun. Mo ní ẹkùn mi kọ́. Ó yíjú sí màmá ẹ̀yìn.

"Kí lo fẹ́ dé sórí?" ni màmá bi í.

Kò tíì mọ̀.

"Lọ rò ó kí o tó wá bá mi."