Ṣúgà, Jẹjẹrẹ àti Ewé: Láti Inú Àwo Láàbù Dé Inú Ara Ènìyàn

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tó péjọ sọ ni mo kọ sílẹ̀ yìí, mo sì fẹ̀ ẹ́ lójú níbi tí àkókò ò ti gbà wá láyè.

Láàárín ọdún 1920 sí 1930, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì kan, Otto Warburg, ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ní Berlin. Ohun tó rí ló bí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí ara wọn dá ṣáṣá máa ń fi ọ́síjìn jo glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì rí nǹkan bí 30 ATP lára ẹyọ glúkóòsì kan. ATP yìí ni agbára tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ́síjìn tilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ATP méjì péré ni yóò mú lára ọ̀pọ̀ glúkóòsì tó wọlé sí i, yóò sọ ìyókù di lactate, ohun kíkan kan, yóò sì dà á síta, bí ẹni tó fún epo díẹ̀ lára ẹyìn tó sì da ìhá àti ekùrọ́ nù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ fi ń gba glúkóòsì ju bó ti yẹ lọ.

Warburg rò pé máítókọ́ńdíríà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń lo ọ́síjìn ló ti bàjẹ́. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ. Sẹ́ẹ̀lì tó ń yára bí sí i nílò ohun tí yóò fi kọ́ sẹ́ẹ̀lì tuntun, ara glúkóòsì yìí náà ló sì ti ń mú un. Lórí ìwà yìí ni àwòrán PET dúró: wọ́n á fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ irú glúkóòsì kan tí wọ́n so fluorine-18, èròjà tó ń tú ìtànṣán jáde, mọ́; ibi tó bá kóra jọ sí yóò mọ́lẹ̀ nínú àwòrán. Ọpọlọ náà máa ń mọ́lẹ̀ roro níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ṣé nǹkan kan wà lára igi àti ewé tó lè dí jẹjẹrẹ lọ́wọ́ níbi oúnjẹ rẹ̀? Ó wà, ó sì pọ̀. Phloretin tó wà lára igi ápù ń dí GLUT1, purotéènì tó ń gbé glúkóòsì wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Shikonin, láti ara gbòǹgbò kan tí àwọn ará Ṣáínà ti ń fi ṣe oògùn láti ayébáyé, ń dí PKM2, ọ̀kan lára àwọn ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń jo ṣúgà. Inú àwo láàbù ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rí wọn wà. Èyí tí mo fẹ́ kí a dúró tì ni gossypol, nítorí ara ènìyàn ni wọ́n ti dán òun wò.

Inú kóró owú ni gossypol wà, irú owú tí àwọn baba wa ń ran tí wọ́n sì fi ń hun aṣọ òfì. Ó máa ń dí LDH, ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe lactate tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni tó ronú kàn án fún jẹjẹrẹ, wọ́n ṣàkíyèsí ní àwọn abúlé kan ní Ṣáínà pé níbi tí wọ́n ti ń fi òróró owú tí a kò fọ̀ se oúnjẹ, àwọn ọkùnrin ò rí ọmọ bí mọ́. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, wọ́n fún ọkùnrin tó lé ní 8,000 ní gossypol bí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n potáṣíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan lọ sílẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́. Àwọn mìíràn ò sì padà lè bímọ lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ oògùn náà dúró. Sẹ́ẹ̀lì tó ń di àtọ̀ ní irú LDH tirẹ̀, gossypol sì ń dí ìyẹn pẹ̀lú; kì í bi sẹ́ẹ̀lì léèrè bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí ọmọlúàbí. Nígbà tí wọ́n wá fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀yà kékeré tó jókòó lórí kíndìnrín ní Amẹ́ríkà, ti àwọn díẹ̀ súnkì, ti ọ̀pọ̀ jù lọ ò súnkì. Títí di òní, gossypol ò tíì di oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n fọwọ́ sí.

Fítámì C tún ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní ọdún 2015, ìwádìí kan fi hàn pé tí fítámì C bá pọ̀ gan-an, ó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìfun ńlá tí àbùdá (gene) tí wọ́n ń pè ní KRAS tàbí BRAF nínú rẹ̀ ti yí padà. Ojú ọ̀nà GLUT1 yẹn gan-an ló ń gbà wọlé, yóò sì dá jíjo ṣúgà dúró nínú sẹ́ẹ̀lì náà. Inú àwo àti ara eku ni o. Bí a bá fi ẹnu mu fítámì C, ìfun kì í jẹ́ kó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, kíndìnrín á sì tọ ìyókù dànù. Abẹ́rẹ́ sínú iṣan nìkan ló lè gbé e dé ìwọ̀n tí wọ́n lò nínú àwo. Mayo Clinic, ọsibítù ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ti fún àwọn aláìsàn ní giramu 10 lójúmọ́, tí wọ́n ń gbé e mì. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1979 àti 1985 fi hàn pé kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Nítorí náà, kò sí iye ọsàn tí a lè mu tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí. Bákan náà ni curcumin inú ata ilẹ̀ pupa: ẹni tó gbé giramu 8 mì lóòjọ́, díẹ̀ bíńtín ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ewé soursop tí wọ́n ń pín ìròyìn rẹ̀ kiri lórí WhatsApp ńkọ́? Òótọ́ ni pé ìwádìí kan ní ọdún 2012 rí i pé ó dín bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ àmọ́ (pancreas) ṣe ń gba glúkóòsì kù. Ṣùgbọ́n annonacin inú rẹ̀ ń ba máítókọ́ńdíríà sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ jẹ́, ìròyìn kan láti erékùṣù Guadeloupe ní 1999 sì so jíjẹ èso yìí àti mímu ewé rẹ̀ mọ́ àìsàn gbígbọ̀n tó jọ Parkinson. Mi ò tíì rí èyí nínú ìròyìn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ rántí ọpọlọ tó mọ́lẹ̀ nínú àwòrán. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń ná tí ọpọlọ nìkan ń jẹ. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ò tilẹ̀ ní máítókọ́ńdíríà rárá; ọ̀nà tí jẹjẹrẹ fẹ́ràn yẹn nìkan ni òun náà mọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń dùn mí tí mo bá rí aláìsàn tí wọ́n ti gba ẹ̀bà, iyán àti èso lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí kí ebi lè pa jẹjẹrẹ. Tí oúnjẹ ò bá wọlé, ẹ̀dọ̀ á máa fi ẹran ara ẹni náà ṣe glúkóòsì, jẹjẹrẹ á sì máa rí tirẹ̀ gbà. Aláìsàn ló ń rù. Tó bá sì rù jù, ara rẹ̀ lè má gba ìtọ́jú mọ́.

Ìyá kan béèrè bóyá àwọn lè máa mu àgbo pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà ní ọsibítù. Mo ní: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àgbo náà lọ han dókítà yín kí ẹ tó mu ún.” Vincristine, tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ara ewéko láti Madagascar ni wọ́n ti rí i. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ ọ kúrò nínú ara. Tí nǹkan mìíràn tí a mu bá dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́, vincristine á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ju bí dókítà ti ṣírò lọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri.