Gbọ̀ngàn Tí Wọ́n Kọ́ fún Ojú, Tó Wá Di Ti Etí

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbójú sókè, ẹ wo òrùlé yìí. Corn Exchange ìlú Leeds nìyí, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ra ọkà, tí wọ́n ti ń tà á, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Cuthbert Brodrick ló yàwòrán rẹ̀, ọdún 1861 sí 1863 ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ rí dígí òkè yẹn? Apá àríwá ni wọ́n dìídì kọjú ẹ̀ sí. Kí ló dé?

Nítorí ọkà ni. Ẹ má rò pé àgbàdo o! Corn tiwọn lọ́hùn-ún, àlìkámà ni, bálì ni. Àgbẹ̀ ò sì ní kó gbogbo ẹrù wá sọ́jà. Ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ ló máa bù sínú àpò kékeré, ìyókù wà nínú àká nílé. Oníṣòwò á dà á sí àtẹ́lẹwọ́, á fìka tú u, á gbóòórùn ẹ̀, á feyín gé e, á wá wo àwọ̀. Bí oòrùn bá ràn sí i tààrà, ọkà tó ti ń bu náà á máa dán yinrin. Ìmọ́lẹ̀ apá àríwá rọra mọ́lẹ̀ ni, kì í tanni.

Ẹni tó bá ti rí wọn níbi tí wọ́n ti ń yẹ kòkó wò l'Ékìtì ti mọ ibi tí mò ń lọ. Hóró 300 ni wọ́n á là ní gígùn, wọ́n á tẹ́ ẹ síta gbangba, wọ́n á ka èyí tó bu, èyí tí kòkòrò jẹ, èyí tínú ẹ̀ rí bí eérú torí wọn ò bò ó pẹ́ tó. Ẹ lọ ṣe é nínú sítọ̀ tó ṣókùnkùn, kí ẹ wo iye tó máa gba ojú yín kọjá!

Lọ́dún 1846 nìjọba ibẹ̀ fagi lé òfin tó ń fowó bodè dínà ọkà òkèèrè. Òwò gbèrú, gbọ̀ngàn ń yọ káàkiri: King's Lynn 1854, Newbury 1862, Cambridge 1875. Ó ṣe díẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ń kó àlìkámà olówó pọ́ọ́kú bọ̀ láti Amẹ́ríkà, owó ọkà já wálẹ̀, gbọ̀ngàn ń dá páropáro. Lónìí, orin àti eré ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún 1993 ni ti Newbury di ilé iṣẹ́ ọnà.

Ó yá, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣìnà rèé. Wọ́n á gba ilé ńlá bẹ́ẹ̀, wọ́n á kun ọ̀dà, wọ́n á ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó lágbára jù lọ. Ọ̀rọ̀ ò ní yé ẹnì kankan! Wọ́n á tún ra òmíràn. Ẹ DÚRÓ NÁ. Ṣé ariwo ni ò tó ni, àbí ó ti pọ̀ jù?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò bí ìró ṣe máa pẹ́ tó kó tó kú nínú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀. Gígùn mítà 30, fífẹ̀ 15, gíga 10: inú ẹ̀ jẹ́ 4,500. Ẹ fi 0.161, nọ́ńbà tí àwọn onímọ̀ ìró ń lò, sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi iye ìró tí ara ilé lè fà mu pín in. Ògiri líle àti dígí ò fi bẹ́ẹ̀ fà ju bí 90 lọ. Ìró kan á máa rìn kiri fún ìṣẹ́jú àáyá 8! Bí èèyàn 300 bá jókòó, ó já sí 3. Ẹ wá ta aṣọ wíwúwo oníṣẹ́po sára ògiri, bí i 300 mítà níbùú lóròó, ó sún mọ́ 2. Ọ̀rọ̀ ẹnu ń fẹ́ nǹkan bí 1. Ẹ mú onídùndún wọ ibi tí ìró ti ń pẹ́ 8: ìlù á dún, àmọ́ kò ní sọ̀rọ̀. Ohùn òkè á gun ti ìsàlẹ̀. Alámọ̀, olórin Èkìtì, ńkọ́? Gbogbo ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á rọ́ pọ̀ di ọ̀kan.

AṢỌ KẸ́ Ẹ TÓ RA Ẹ̀RỌ. Mo tún un sọ: aṣọ kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀rọ!

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ò jẹ́ kí ará ẹ̀yìn ríran ńkọ́? Àga onípele tó ṣeé tì pa dà ni. Iná ńkọ́? Ẹ má gbé e kọ́ irin òrùlé láìjẹ́ kí ẹnjiníà wò ó. Dígí ni wọ́n ní kí irin yẹn gbé, wọn ò ní kó gbé iná orí ìtàgé. Ẹ sì bo dígí náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eré ọ̀sán ò ní ṣókùnkùn.

Tí wọ́n bá fún yín ní sítọ̀ kòkó àtijọ́ kan l'Adó, ẹ dúró sáàárín, ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, kẹ́ ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá. Bẹ́ ẹ bá ka 3 tó ṣì ń ró, ọ̀dọ̀ aláṣọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ.