Algae inú táńkì ẹja: ẹ má wulẹ̀ máa fọ gíláàsì nìkan

Ẹ wo táńkì yìí. Àwọn ẹja wà nínú ẹ̀, àmọ́ ohun aláwọ̀ ewé ti bo gíláàsì débi pé agbára káká la fi ń rí wọn. Algae nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn á mú kànìnkànìn, wọ́n á ha á dànù, kò sì ní pẹ́ tó máa tún hù. Kò lè ṣe kó má hù, torí ohun tó ń jẹ ṣì wà nínú omi.

Ìmọ́lẹ̀ ló ń lò, pẹ̀lú èròjà nitrate àti phosphate tó ń wá látara ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù. Ti ìmọ́lẹ̀ ò le: ẹ tan iná táńkì fún wákàtí 6 sí 8 lójúmọ́, ẹ lo táímà, ẹ má sì jẹ́ kí oòrùn máa ràn sí i tààrà.

Oúnjẹ gan-an ni ìṣòro. Gbogbo ìgbà tí ẹja bá ti rí yín ni wọ́n máa ń sáré wá. Kì í ṣe pé ebi ń pa wọ́n. Ẹ wọ́n díẹ̀ sínú omi, kẹ́ ẹ wá dúró wò ó. Tí ìṣẹ́jú 2 bá kọjá tí oúnjẹ ṣì ń rì lọ sísàlẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Èyí tó rì yẹn máa jẹrà, algae ló sì máa jẹ ẹ́.

Ẹ máa pààrọ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi oògùn pa chlorine, ìyẹn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nínú omi ẹ̀rọ, tó wà nínú omi tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ fóòmù fílítà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi táńkì, lábẹ́ omi ẹ̀rọ. Chlorine á pa bakitéríà tó ń gbá ammonia, májèlé tó ń wá látara ìgbẹ́ ẹja, kúrò fún ẹja yín. Omi tẹ́ ẹ gbọ́n jáde ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án.

Tó bá jẹ́ algae aláwọ̀ ilẹ̀ lẹ rí nínú táńkì tuntun, ẹ fọkàn balẹ̀, ó sábà máa ń lọ fúnra ẹ̀. Àmọ́ èyí tó ń yọ̀, tó ń rùn, tó ń ṣí bí awọ, bakitéríà ni, kì í ṣe algae. Ìṣáwùrú kì í sábà jẹ ẹ́. Ẹ fi rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi fà á jáde.

Oògùn apalgae ńkọ́? Mi ò gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀. Èyí tó ní bàbà nínú ń pa edé àti ìṣáwùrú. Tí algae púpọ̀ bá sì kú lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe ń jẹrà lá máa gba afẹ́fẹ́ inú omi. Tẹ́ ẹ bá rí ẹja tó ń la ẹnu lójú omi, ẹ pààrọ̀ omi lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sí i.