Ẹsẹ̀ Mẹ́rin, Ọwọ́ Mẹ́fà: Bí A Ṣe Ń Gbọ́ "Afro Blue" ti Mongo Santamaría

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó.

Orin kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí. Àwọn oníjáàsì ní àwọn orin kan tó jẹ́ àjùmọ̀ní wọn: ẹni méjì tí kò mọra rí lè pàdé lórí ìtàgé, kí ọ̀kan pe orúkọ orin, kí wọ́n sì gbé e lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni "Afro Blue." Mongo Santamaría ló dá a, onílù kóńgà tí wọ́n bí ní Havana, ní Cuba, ní 1917. Ó ṣí lọ sí New York ní 1950, ó lùlù nínú ẹgbẹ́ olórin Tito Puente, kó tó wá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Cal Tjader, oníjáàsì kan. Ọ̀dọ̀ Tjader ló wà ní 1959 tí orin yìí kọ́kọ́ wọ inú àwo.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ máa ka 1 dé 12 nínú yín, kẹ́ ẹ tún padà sí 1. Ẹ fẹsẹ̀ kilẹ̀ ní 1, 4, 7 àti 10. Kí ẹsẹ̀ má dúró o. Ó yá, ẹ pàtẹ́wọ́ ní 1, 3, 5, 7, 9 àti 11. Ó ti dàrú mọ́ àwọn kan lọ́wọ́, mò ń wò yín lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn! Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á pàdé ní 1, wọ́n á pínyà, wọ́n á tún pàdé ní 7. Inú ìpínyà yẹn ni orin náà ń gbé. Báàsì ńlá onígi (double bass) ló ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́, mẹ́fà-mẹ́fà. Ara oníjó ń gba mẹ́rin.

Ìyá kan níwájú níbí kò tilẹ̀ kà á, wọ́n kàn ń pàtẹ́wọ́ wọn lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀nà lílu agogo tí àwọn onílù wa ń pè ní kónkóló, orí òǹkà 12 yìí kan náà ló ń rìn. Kí n má purọ́ o, ìlù Cuba kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ọwọ́ àwọn Kóńgò àti àwọn ará Calabar wà níbẹ̀ dáadáa. Àmọ́ Mongo mọ ìlù òrìṣà. Ní 1955, ó ṣe àwo kan tó pè ní *Changó*. Bí wọ́n ṣe ń kọ Ṣàngó lọ́hùn-ún nìyẹn.

Ní October 1963, John Coltrane, oníjáàsì, fi fèrè sakisofóònù sòpúránò gbé orin yìí ní Birdland, ilé ijó jáàsì kan ní New York, Elvin Jones sì ń lùlù bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ó gbajúmọ̀ débi pé orúkọ Coltrane ni wọ́n kọ sára àwọn àwo kan pé òun ló dá a. Ẹni tó gún iyán ni wọ́n pè ní àgbẹ̀! Coltrane sọ òǹkà rẹ̀ di mẹ́ta-mẹ́ta, iná rẹ̀ ń jó fòfò, ṣùgbọ́n ìjà ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yẹn ò hàn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká kọ́kọ́ gbọ́ ti Mongo.

Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé e sí i. Ẹsẹ̀ nílẹ̀, ọwọ́ lókè.